Bí a ṣe ń lọ ìlú tí ojúgbà ẹni ò lọ: láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Tógò

Nígbà tí mo sọ nílé pé Tógò ni mo ti fẹ́ lo ìsinmi mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ rò pé ọjà ni mo fẹ́ lọ rà. Mo ní rárá o, mo kàn fẹ́ lọ wo ibẹ̀ ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé Dubai ti kún ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá àgbà wa nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Lomé? Ibẹ̀ la máa ń sùn ká tó wọ Gánà."

Ìlú tí àwa ń wò bí òpin ayé yìí, bí ọ̀nà oko ló rí lójú àwọn tó ṣáájú wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìgbẹ́tì, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ọ̀fà ló kún inú ọjà àríwá Gánà láyé ìgbà náà, kí ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orí ilẹ̀ Tógò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà padà wálé. Àwa ọmọ wọn ti wá mọ London, a mọ Mẹ́kà, a mọ Jerúsálẹ́mù, a ò mọ ibi tó wà lẹ́bàá wa.

Bí èèyàn ṣe ń múra irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, mo sì fi Tógò ṣe é torí òun ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. Ohun kan náà ló gbé adùn rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀ wá: kò sẹ́ni tó ń retí yín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dẹ pàkúté sílẹ̀ de owó àpò yín, kò sì sẹ́ni tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè yín. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ibi tó wà gan-an

Ẹ ṣí máàpù. Tí ẹ bá fi okùn wọ̀n ọ́n, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Lomé tó jẹ́ olú-ìlú Tógò ò fi bẹ́ẹ̀ jìn ju Ògbómọ̀ṣọ́ sí Àbújá lọ. Gbogbo ilẹ̀ Tógò tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́jọ nínú ìkànìyàn ọdún 2022. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá: etíkun rẹ̀ ò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n láti Lomé dé òkè pátápátá lé ní 500.

Èrè àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè kékeré ń fúnni nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ ó rí òkun, òkè, igbó kòkó àti ilẹ̀ ọ̀dàn, láìwọ ọkọ̀ òfuurufú kankan. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù, torí òjò ti lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kìn-ín-ní, ọyẹ́ lè bo àwọn òkè mọ́ yín lójú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìjàkadì lè fara da òjò kó lọ ní oṣù keje, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Kabiyè ń jà Évala ní agbègbè Kara. Èmi ò tíì rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé

Ìwé rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nàìjíríà àti Tógò jọ wà nínú ECOWAS, nítorí náà ẹ ò nílò físà. 90 ọjọ́ lẹ lè lò. Láti inú àdéhùn ọdún 1979 ni ẹ̀tọ́ yìí ti wá. Ẹ kàn nílò páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Abẹ́rẹ́ náà ń gba ọjọ́ mẹ́wàá kó tó ṣiṣẹ́ lára, nítorí náà ẹ má dúró títí di alẹ́ tó ku ọ̀la kí ẹ lọ. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá gbà á ti tó yín títí ayé. Àwọn kan wà ní gáréèjì tó ń ta káàdì láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ẹ má rà á. Ibà ò mọ káàdì kà.

Ẹ ya ojú ewé àkọ́kọ́ páásípọ́ọ̀tù yín sínú fóònù, kí ẹ tún tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, kí ẹ fi í sínú báàgì mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó

Séfà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ tí ẹ máa gbà kọjá àti ní Tógò, ẹyọ kan náà ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣẹ́ owó. Wọ́n ti so séfà mọ́ owó Yúróòpù: Yúrò kan jẹ́ séfà 655.957, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Náírà ni kì í dúró lójú kan. Ìṣirò tí ẹ ṣe ní oṣù tó kọjá, ẹ da á nù, ẹ ṣe òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ.

Ní ibodè, ẹ ṣẹ́ èyí tó máa tó yín jẹun àti wọkọ̀ nìkan. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀ ní ọwọ́ tó yá ju ojú lọ. Ẹ ka owó náà fúnra yín, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí náírà yín tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má gbára lé káàdì báńkì. Tèmi ò ṣiṣẹ́ rárá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kàn wù ú láti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ tọ́jú owó kéékèèké, nítorí ọ̀rọ̀ ṣéńjì máa ń dìjà ní Lomé bó ṣe ń dìjà nílé.

Owó ọkọ̀ ló wọ́n jù ní ìlú tí àlejò kì í pọ̀. Ibi tí èrò ń lọ lójoojúmọ́ ní ọkọ̀ tí olúkúlùkù ń san tiẹ̀, ṣùgbọ́n tí ibi tí ẹ fẹ́ lọ wò bá wà lẹ́yìn ìgbẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gba ọkọ̀ odindi, àtàlọ àtàbọ̀. Ẹ̀bùn ni òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ, ọkọ̀ ló máa ń gbà á padà. Iye tí ẹ bá kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀, ẹ fi ìdajì lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú ọ̀nà àti ibodè

Ẹ má gbìyànjú àtijí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ sùn sí Lomé. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ kan máa sọ pé ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn dé Èkó, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ forí lé Sẹ̀mẹ̀. Ẹ ó gba Kútọnu kọjá dé ibodè Hillacondji, lẹ́yìn náà Aného, lẹ́yìn náà Lomé. Ọ̀nà kan tún wà láti òkè, láti apá Ṣakí àti Baruten gba Parakou kọjá. Ọ̀nà obì ni lójú àwọn baba wa, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí àwọn agbébọn ń ṣe ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbà á báyìí.

Òǹtẹ̀ mẹ́rin lẹ gbọ́dọ̀ gbà ní àlọ: ìjáde Nàìjíríà, ìwọlé Bẹ̀nẹ̀, ìjáde Bẹ̀nẹ̀, ìwọlé Tógò. Awakọ̀ lè ní kí ẹ kó páásípọ́ọ̀tù jọ pẹ̀lú owó, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, òun á lọ "bá wọn sọ ọ́." Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò gba òǹtẹ̀ ní àlọ, ní àbọ̀ ló máa san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ibodè kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù mi. Ó ṣí i, ó tún ṣí i, ewé lórí ewé, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín: "Ìwé tuntun!" Ó ní ìwé tí kò tíì rin ìrìn-àjò rí ní owó tirẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa já rìsíìtì fún mi. Ẹ̀rín náà kú. Ó fi páásípọ́ọ̀tù mi sí abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn tá a jọ wọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Nígbà tó pẹ́, ìyá kan tó ń kó ẹja lọ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Ègùn, ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. Òǹtẹ̀ dún gbàmù. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó ní, "Wọlé jàre, ẹja mi ń gbóná."

Nítorí náà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí àkókò lè wà lọ́wọ́ yín láti jókòó. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ ní tó lágbára ju ìyẹn lọ níbẹ̀. Ẹ má pariwo, ẹ má sọ pé ẹ mọ ẹnì kan ní Àbújá.

Ohun kékeré kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: aago Bẹ̀nẹ̀ bá ti Nàìjíríà mu, ṣùgbọ́n ti Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wà ní gáréèjì ní aago mẹ́fà. Mo débẹ̀ ní mẹ́fà aago ọwọ́ mi. Ajá mẹ́ta àti ọlọ́dẹ kan ni mo bá. Ọlọ́dẹ náà na ìka márùn-ún sí mi, ó padà sùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu

Faransé ni èdè ìjọba ibẹ̀, Éwé àti Mina ló sì wọ́pọ̀ ní Lomé. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá Faransé kí ẹ tó kúrò nílé: ìkíni, oókan dé ẹẹ́wàá, "èló ni," "mi ò gbọ́," "ẹ jọ̀ọ́." Kí ẹ sì kí èèyàn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Níbi yìí, ọmọ Yorùbá ti mọ̀wé kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá lọ bá oníṣọ́ọ̀bù láìkí i, wọ́n á wò ó bí a ṣe máa wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Tákìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á sọ fún yín ní Éwé pé "Woezọ", ẹ káàbọ̀ nìyẹn. Ẹ dáhùn pé "Yoo". "Akpe" ni ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí dín owó ọ̀kadà kù fún mi ju gbogbo àríyànjiyàn mi lọ. Zémidjan ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó gorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó yẹ kí ẹ rí, àti èyí tí ẹ lè fò

Ẹ fún Lomé ní ọjọ́ méjì. Ọjà ńlá rẹ̀ wà lẹ́bàá kàtídírà tí àwọn ará Jámánì kọ́ ní 1902, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ wọn. Ọjà yẹn ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti fi àńkárá di olówó, débi pé ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ń gùn di orúkọ wọn. Iná jó apá ńlá ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní 2013, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì rí àńkárá tó máa da orí yín rú. Ẹ tún rìn dé ìwọ̀ oòrùn ìlú: ibodè Gánà wà níbẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan kọ́ olú-ìlú sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.

Ọjà Akodessewa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ gbé yín lọ, ibi tí orí ọ̀bọ, awọ ejò àti ẹyẹ gbígbẹ tò sí. Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Òyìnbó ni wọ́n ń dẹ́rù bà níbẹ̀. Ẹni tó ti ra nǹkan lọ́wọ́ lẹ́kulẹ́ja rí nílé ò nílò láti san séfà kó tó rí orí ọ̀bọ.

Kpalimé wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí Lomé, ní ilẹ̀ kọfí àti kòkó. Òkè Agou tó ga jù ní Tógò, 986 mítà, wà nítòsí ibẹ̀, omi tó ń já láti orí àpáta sì pọ̀ ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ tí mo lọ síbi omi kan, èmi àti ọmọkùnrin tó mú mi lọ nìkan la wà níbẹ̀, kò sí orin, kò sí ẹni tó ń ta fọ́tò. Adùn tí mo ń sọ nìyẹn. Àmọ́ kò sí pátákó kankan lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí òkúta lẹ́ẹ̀mejì, tí egungun bá ṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn ọmọkùnrin yẹn ni mo máa gùn délé. Ẹ wọ bàtà tó ń gbá ilẹ̀ mú.

Atakpamé, ìlú kan ní àríwá Lomé, ni mo ti rí ohun tí mi ò wá lọ. Ìyá oníṣu kan ń ka iṣu fún oníbàárà rẹ̀. Mo ń kọjá lọ, etí mi bá dúró: nǹkan tó jọ "méjì", nǹkan tó jọ "mẹ́ta". Mo padà sẹ́yìn, mo tẹríba, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá." Ó dákẹ́, ó wò mí, ó wá sọ̀rọ̀ gígùn kan tó dún sí mi létí bíi rédíò tí kò mú dáadáa, ọ̀kan yọ, méjì sọnù. Ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀: "Ifẹ̀." Àwọn tí ìwé máa ń pè ní Ana nìyẹn. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn, wọ́n sì ní láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá. Mi ò ra iṣu, níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tọ̀nà jíjìn dé. Tí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré lẹ́yìn Lomé, Atakpamé ni kí ẹ lò ó sí.

Koutammakou wà lápá òkè, kọjá Kara. Àwọn Batammariba ló ń gbé níbẹ̀, nínú ilé amọ̀ tí wọ́n mọ bí odi kékeré: ẹran ọ̀sìn sùn nísàlẹ̀, èèyàn sùn lókè, àká ọkà sì dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú fìlà koríko. UNESCO fi í sínú àkójọ ogún ayé ní 2004, wọ́n sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023. Ilé onílé ni o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ mú yín wọlé, ẹ san ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ san fún ìlú, ẹ má sì gbé fóònù sókè kí wọ́n tó gbà fún yín.

Oúnjẹ

Kò gba ìgbésẹ̀ kankan. Fufu tí wọ́n ń sọ ní Tógò, iyán ni! Ẹ má sá fún un nítorí orúkọ. Adémè wọn, ewédú ni. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe, wọ́n ń pè é ní wagashi, wọ́n sì ń dín in gan-an bíi tiwa. Ọmọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan kò lè fi ebi sùn níbẹ̀. Sódábì tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ògógóró ni. Ẹ fi ètè kàn án.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tó lè ba á jẹ́

Agbègbè Savanes, òkè pátápátá níbi tí Tógò ti bá Burkina Faso pààlà, ẹ má dé ibẹ̀. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń kọlu ibẹ̀ láti 2021, ìjọba sì kéde òfin pàjáwìrì níbẹ̀ ní 2022. Kí ẹ tó kọjá Kara lọ sí Koutammakou, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí ẹ wọ̀ sí àti lọ́wọ́ awakọ̀ méjì. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fa ojú ro, ẹ yí padà. Ọ̀sán nìkan ni kí ẹ máa rin gbogbo ọ̀nà náà.

Òkun Lomé lẹ́wà, ó sì ń gbé èèyàn lọ. Ẹ rìn létí rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ má wọ inú rẹ̀, ẹ má sì dúró níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí àwọn olè. Ẹ má ya fọ́tò sójà, ibodè tàbí ilé ìjọba. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ fúnra wọn, ẹ fetí sílẹ̀.

Pùlọ́ọ̀gì oníka mẹ́ta tiwa kò wọ ògiri wọn; oníka méjì róbótó ni tiwọn. Ẹ ra ádápítọ̀ kékeré tó ń yí i padà ní Èkó. Ẹ kó oògùn ibà àti èyíkéyìí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ dání, kó pọ̀ ju iye ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé aṣojú Nàìjíríà ní Lomé sórí bébà, torí bátìrì fóònù máa ń kú nígbà tí wàhálà bá dé.

Ẹni tí mo máa ní kó má lọ

Ẹni tó fẹ́ fọ́tò tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa mọ ibi tó wà lójú ẹsẹ̀. Mo fi tèmi síta, ìbéèrè tó pọ̀ jù tí wọ́n bi mí ni, "Ṣé Abẹ́òkúta nìyí?" Ẹni tí àìsàn rẹ̀ nílò dókítà tó mọ̀ ọ́n náà ń kọ́, àti ẹni tí kò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbínú. Ẹni tó kù, kó lọ.

Ní àbọ̀, ẹ ṣẹ́ séfà yín kí ẹ tó kọjá Sẹ̀mẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹyọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Tèmi ṣẹ́ kù, bíi mẹ́fà, wọ́n ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú àpò mi títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kó wọn lé Màmá àgbà lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó yí i sí ìhà kejì. Ó ní, "Ẹja yìí ṣì wà lára rẹ̀."